Whitworth ti Manchester: Ìbọn Onígun Mẹ́fà àti Àwọn Tó Rà Á

Salford Quays kì í ṣe èbúté mọ́. Láti 1894 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà omi Manchester Ship Canal, títí di 1982 tí wọ́n ti èbúté Salford pa, ọkọ̀ ojú òkun ló ń wọ àárín ilẹ̀ wá já òwú, ọkà àti pákó síbẹ̀. Máìlì 36 ni gígùn ọ̀nà omi tí wọ́n fi ọwọ́ àti ẹ̀rọ gbẹ́ náà. Lónìí, ilé iṣẹ́ BBC, ilé eré The Lowry àti ilé alájà púpọ̀ ló tò sí etí omi, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní àgbègbè náà kò sì kéré. Bí ènìyàn bá gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá sí apá Trafford, ilé kan tí wọ́n fi páànù aluminíọ̀mù bò lára ni yóò bá níwájú. Imperial War Museum North ni, ilé àkójọ ohun ogun tí Daniel Libeskind ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní July 2002.

Agbá kan wà nínú ilé náà tí wọ́n ń pè ní 13-pounder. Òun ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi yin ọta agbá wọn àkọ́kọ́ ní Belgium ní 22 August 1914, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọmọ Áfíríkà tó bá dúró níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni ìbọn ti kọ́kọ́ dún lọ́wọ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun yẹn. Ní Togo ni, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, láti ọwọ́ Alhaji Grunshi, ọmọ ogun Gold Coast. Lọ́jọ́ 22 August yẹn gan-an, ìjà ń lọ lọ́wọ́ ní Chra ní Togo, lójú ọ̀nà Kamina, nítòsí Atakpamé níbi tí àwọn ẹ̀yà wa tó ń sọ èdè Ifẹ̀ ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ níbẹ̀ náà, àwọn tó sì kú níbẹ̀ kò gbọdọ̀ di ẹni ìgbàgbé nítorí pé agbá Belgium ló rí ilé àkójọ gbé.

Ọ̀rọ̀ agbá náà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ tẹ̀lé. Ilé iṣẹ́ méjì tó lórúkọ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pa ọgbọ́n wọn pọ̀ láti ṣe irú agbá yìí: Armstrong Whitworth mú ọgbọ́n ọ̀pá agbá wá, Vickers mú ẹ̀rọ tó ń gba ìtagìrì agbá nígbà tó bá dún. Armstrong, ará Newcastle ni. Whitworth, ará Manchester ni, ìtàn rẹ̀ sì ni ìtàn ẹni tó ṣe ìbọn tí kò sí irú rẹ̀ láyé ìgbà rẹ̀, tí àwọn tó yẹ kó rà á kò rà á, tí àwọn tí kò yẹ kó bọ́ sí lọ́wọ́ sì fi owó gọbọi wá a.

Stockport, lẹ́bàá Manchester, ni wọ́n ti bí Joseph Whitworth ní 21 December 1803. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, ó tún di oníwàásù. Ọmọ ọdún 14 ni wọ́n fi í sọ́dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ kan tó ní ilé ìrànwú ní Derbyshire, kó lè kọ́ òwò. Òwò kò wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀rọ ló ń wò. Ó kúrò níbẹ̀ lọ di mẹkáníìkì ní Manchester, ó sì lọ sí London ní 1825, níbi tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Henry Maudslay, ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ nígbà náà. Ní 1833 ó padà sí Manchester, ó gba ṣọ́ọ̀bù ní Chorlton Street, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ tí àwọn mìíràn yóò fi máa ṣe ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìbọn rẹ̀ fi dára, ibi ìwọ̀n ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ayé ìgbà yẹn, ojú àti ọwọ́ ni oníṣẹ́ irin fi ń wọn nǹkan, kò sì sí ohun tó bá ara mu láàárín ṣọ́ọ̀bù kan àti èkejì. Whitworth kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń fi irin pẹlẹbẹ mẹ́ta wọn ara wọn, tí a ó máa ha ibi tó bá yọ sókè díẹ̀díẹ̀, títí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi tẹ́jú pátápátá. Ó ṣàlàyé ọ̀nà náà fún ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Glasgow ní 1840. Lẹ́yìn náà ló ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n tó lè mọ ìyàtọ̀ ìdá kan nínú mílíọ̀nù íǹṣì kan.

Ní 1841 ló yanjú ọ̀rọ̀ bóòtì àti nọ́ọ̀tì. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gé ojú bóòtì tirẹ̀ bó ṣe wù ú, bí bóòtì kan bá sì sọnù lára ẹ̀rọ, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà nìkan ló lè ṣe òmíràn tí yóò wọ̀ ọ́. Whitworth kó bóòtì jọ láti oríṣiríṣi ṣọ́ọ̀bù, ó wá ìwọ̀n tó wà láàárín gbogbo wọn, ó sì ní kí igun ojú bóòtì jẹ́ 55 dìgírì níbi gbogbo. Ilé iṣẹ́ rélùwéè gbà á, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Àwọn àgbà mẹkáníìkì wa tó tú mọ́tò òyìnbó àtijọ́ rí mọ sípánà Whitworth dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Bí èmi bá ní kí n dájọ́, èyí ló tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ìbọn ló mú òkìkí wá, ṣùgbọ́n bóòtì ló wọ gbogbo ilé.

Ogun Crimea ló gbé e dé ìdí ìbọn. Ní 1854 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílò ìbọn Enfield lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n bẹ Whitworth pé kó ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa rọ ìbọn náà. Ó kọ̀. Ó ní kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń mú ìbọn kan bá ojú àmì, kí ìbọn mìíràn sì tàsé, kò sì ní í ṣe ẹ̀rọ títí yóò fi mọ̀. Ìjọba gbà láti kọ́ ibi ìdánwò fún un sí ilé rẹ̀ ní Fallowfield, ilé gbọọrọ tó gùn tó 500 yáàdì, kí atẹ́gùn má bàa darí ọta. Ìjì kọ́kọ́ wó o, wọ́n tún un kọ́. Ó ta bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú ọ̀nà ọta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ọta bá sì ti lu bébà kọjá, yóò lọ wo ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tí ọta ti ń gbọ̀n, ibi tó ti ń yí, àti ibi tó ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Kí ó tó tó ìgbà náà, ìfojúdíwọ̀n ni alágbẹ̀dẹ ìbọn fi ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin yìí fi ọ̀rọ̀ ìbọn sábẹ́ òṣùwọ̀n.

Ohun tó rí yí ìbọn padà. Ihò Enfield fẹ̀ tó 0.577 íǹṣì, ìlà tí wọ́n gé sínú rẹ̀ láti máa yí ọta sì ń yípo lẹ́ẹ̀kan péré nínú 78 íǹṣì. Whitworth sọ ihò náà di 0.451 íǹṣì, ó sì mú kí ó máa yípo lẹ́ẹ̀kan nínú 20 íǹṣì. Ó pa ìlà gígé tì. Ihò onígun mẹ́fà ló ṣe, ó sì rọ ọta onígun mẹ́fà tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ fún un, tí yóò bá inú ìbọn mu bí orí nọ́ọ̀tì ṣe ń bá ẹnu sípánà mu. Ọta náà kò lè ṣe kó má yí. Bó ṣe ń yí kíkankíkan ni ojú ọ̀nà rẹ̀ ń tọ́.

Ní 1857 ìjọba gbé ìbọn méjèèjì síwájú ara wọn. Enfield kò lè bá àmì mọ́ bí ó bá ti kọjá 1,400 yáàdì. Ìbọn Whitworth bá àmì yẹn láti 2,000 yáàdì, èyí tó lé ní máìlì kan. Ní ọ̀nà tó kúrú ju ìyẹn lọ náà, ọta Whitworth ń kóra jọ sójú kan, ti Enfield sì ń fọ́n káàkiri. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tó lè jiyàn.

Síbẹ̀ ìjọba kò rà á fún àwọn ọmọ ogun. Àwọn tó ń rojọ́ nítorí Whitworth máa ń sọ pé ìlara àwọn ọ̀gá ológun ló fà á, ṣùgbọ́n mo gbà pé àwọn tó kọ̀ ọ́ ní ìdí tó yè kooro. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń lò nígbà náà, ẹ̀tù dúdú sì máa ń fi èérí sílẹ̀ nínú ìbọn lẹ́yìn tó bá jóná. Enfield tí ihò rẹ̀ fẹ̀ máa ń gba èérí yẹn mọ́ra fún ìgbà díẹ̀. Ihò Whitworth há, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gbá èérí jọ, ẹnu ni wọ́n sì ń gbà ki ọta. Bí a bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀mélòó kan láìnu ún, ọta tó kàn kò ní í wọlé wẹ́rẹ́ mọ́. Ọmọ ogun tí ọ̀tá ń sáré bọ̀ wá bá kò ní àyè ìnùbọn. Èkejì ni owó. Iye tí wọ́n fi ń ṣe ìbọn Whitworth kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin iye tí wọ́n fi ń ṣe Enfield kan. Ẹni tó ń ra ìbọn kan fún ara rẹ̀ lè gbójú fo ìyẹn. Ẹni tó ń rà á fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò lè gbójú fò ó.

Àwọn tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ni àwọn atamátàsé, àwọn tó ń yìnbọn fún ìdíje. Ní 2 July 1860, nígbà tí ẹgbẹ́ National Rifle Association ṣe ìdíje àkọ́kọ́ wọn ní Wimbledon, Ọbabìnrin Victoria ló yin ìbọn ìṣíde. Whitworth fúnra rẹ̀ ló de ìbọn mọ́ orí ẹsẹ̀ irin, ó fojú sùn ún, ó sì so okùn sílíìkì mọ́ ohun ìfà rẹ̀. Ọbabìnrin fa okùn. Ní 400 yáàdì, ọta lọ wọ àárín àmì, kò ju íǹṣì kan àti ìdámẹ́rin sí ojú àárín rẹ̀ gan-an. Kò sí ìpolówó ọjà tó lè ju èyí lọ. Gbogbo ọlọ́lá tó fẹ́ràn ìbọn yínyìn fẹ́ ní Whitworth nílé.

Èyí tó ṣòro láti sọ ni ti àwọn tó rà á ní Amẹ́ríkà. Nígbà ogun abẹ́lé wọn, láti 1861 dé 1865, ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ń jà kí ẹrú má bàa bọ́ lọ́wọ́ wọn fi owó ńlá ra ìbọn Whitworth díẹ̀, wọ́n sì gbé e kọjá lójú omi tí ọkọ̀ ogun Àríwá ń ṣọ́. Òmíràn ní awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kìkì atamátàsé ni wọ́n ń fún, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa pa àwọn ọ̀gá ogun àti àwọn tó ń yin agbá. Ní 9 May 1864, ní Spotsylvania, Ọ̀gágun John Sedgwick ti Àríwá ń gba àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó ń sá fún ọta níyànjú pé kí wọ́n má bẹ̀rù, pé láti ọ̀nà jíjìn báyẹn wọn kò lè ta erin pàápàá bà. Kò pẹ́ ni ọta bà á lójú, ó sì kú. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé Whitworth ni. Àwọn tó la ogun náà já sọ pé ọta onígun mẹ́fà máa ń súfèé bó ṣe ń bọ̀. Agbá Whitworth méjì náà wà ní Gettysburg ní 1863, lápá Gúúsù.

Manchester yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìrànwú ti péjọ ní gbọ̀ngàn Free Trade Hall ní 31 December 1862, nígbà tí òwú Gúúsù kò wọlé mọ́, tí ebi ń pa wọ́n, tí wọ́n sì kọ̀wé sí Ààrẹ Lincoln pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn wà, kí ẹrú gba òmìnira. Lincoln fèsì ní 19 January 1863. Ère rẹ̀ wà láàárín ìgboro Manchester títí dòní. Àwa tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa ní Èkó, ní Bàdágírì, ní Ouidah lọ sí oko òwú àti oko ìrèké, kò yẹ ká sọ ìtàn ìbọn yìí ká má sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ náà mọ́ ọn. Ìlú kan náà ló bí méjèèjì. Mo gbóríyìn fún ọgbọ́n Whitworth, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí ebi ń pa nítorí wa ni ọlá Manchester wà.

Brazil náà rà. Nígbà tí wọ́n ń bá Paraguay jà láti 1864 dé 1870, agbá Whitworth wà lórí àwọn ọkọ̀ ogun onírin tí wọ́n ń fi la odò kọjá. Nílé, ìjà mìíràn ló ń jà: Whitworth àti William Armstrong ń bá ara wọn du iṣẹ́ agbá ìjọba. Armstrong ló kọ́kọ́ rí i gbà. Ìgbìmọ̀ kan fi ọdún 1863 àti 1864 dán agbá àwọn méjèèjì wò, ìjọba sì padà sí agbá tí wọ́n ń ki láti ẹnu, tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìbọn rẹ̀ ló tún ṣẹlẹ̀ sí agbá rẹ̀: wọ́n yìn ín, wọn kò rà á tó bó ṣe ń retí. Àròpọ̀ ìbọn onígun mẹ́fà rẹ̀ kò kọjá bíi 13,400.

Kí ló wá kàn wá nílẹ̀ Yorùbá? Enfield tó fi owó pọ́ọ́kú borí Whitworth ni. Láti 1866 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìdí Enfield, wọ́n fi ìdérí sí i kó lè máa gba ọta láti ìdí, wọ́n sì pè é ní Snider. Nígbà Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìbọn ṣakabùlà tí a ń ki láti ẹnu ni Ìbàdàn gbára lé lábẹ́ Ààrẹ Látòósà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá owó jọ, wọ́n sì fi Snider àti àwọn ìbọn tuntun mìíràn ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó sọ́dọ̀ àwọn olórí ogun wọn, Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi. Ìbàdàn kò rí ọ̀nà etí òkun gbà fàlàlà nítorí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí i. Bí ogun náà ṣe pẹ́ tó, tí Ìbàdàn tó ti ń borí kiri kò fi lè wọ Èkìtì mọ́, ìbọn tuntun wà lára ohun tó fà á. Àdéhùn àlàáfíà di 1886. Àwọn tó ra ìbọn ní Èkó kò béèrè èyí tó lè bá àmì láti máìlì kan. Èyí tó yá kì, tí ọta rẹ̀ sì wà lọ́jà, ni wọ́n béèrè. Ìdájọ́ wọn bá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mu.

Ní 2 July 1890, ọgbọ̀n ọdún gééré sí ọjọ́ tí Ọbabìnrin fa okùn sílíìkì ní Wimbledon, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Brussels. Wọ́n ní nítorí àtifi òpin sí òwò ẹrú ni. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fòfin de ìbọn tó ní ìlà nínú àti ìbọn ìgbàlódé ní apá tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta tí kò ní ìlà nínú. Ọgbọ́n tí Whitworth fi ọdún púpọ̀ wá ní Fallowfield, wọ́n fòfin dè é fún wa. Ṣakabùlà ni kí a máa rà. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní May 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta, lọ bá Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣubú lẹ́bàá odò Yemoji. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá ka àwọn ìwé tó ń pe ọjọ́ yẹn ní ìṣẹ́gun ọ̀làjú. Òfin ni wọ́n kọ́kọ́ fi gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnì kan kí wọ́n tó wá bá a jà.

Whitworth kò rí èyí. Ó ti kú ní Monte Carlo ní 22 January 1887. Kí ó tó kú, ó ti wá ọ̀nà tí wọ́n fi ń tẹ irin yíyọ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde, irin náà kò sì ní í bẹ́ nígbà tí wọ́n bá fi ṣe agbá. Ó ti sọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ di ti onípìn-ín ní 1874, ó sì fún àwọn òṣìṣẹ́ láyè láti ra ìpín. Ilé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní Openshaw sì ń ṣiṣẹ́ láti 1880. Ní 1897 ilé iṣẹ́ rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ti Armstrong tó ti bá jà fún ọgbọ̀n ọdún. Lọ́dún yẹn kan náà ni Vickers ra ilé iṣẹ́ Maxim. Ní 1919 Vickers gba ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Trafford Park, lẹ́yìn èbúté Salford, èyí tó wá di Metropolitan-Vickers, tó ṣe ọkọ̀ òfurufú Lancaster nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1927 Vickers àti Armstrong Whitworth pa iṣẹ́ ohun ìjà wọn pọ̀. Báyìí ni orúkọ ìbọn Ìmagbọ̀n àti orúkọ ìbọn Wimbledon ṣe di ìdílé kan.

Whitworth kò bímọ. Owó tó fi sílẹ̀ pọ̀, àwọn tó fi í sí lọ́wọ́, lára wọn Richard Copley Christie, sì fi ṣe ohun tí ará Manchester ń jẹ àǹfààní rẹ̀ dòní: ilé àwòrán Whitworth àti ọgbà ìtura tó yí i ká, gbọ̀ngàn Whitworth ti Yunifásítì Manchester, àti ilé ìwòsàn Christie tó ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Ọmọ Yorùbá tó gba oyè ní gbọ̀ngàn yẹn, àti nọ́ọ̀sì wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Christie, abẹ́ òjìji ọkùnrin yìí ni wọ́n wà.

Ṣùgbọ́n fúnra rẹ̀ ló dá èyí tó wù mí jù sílẹ̀ nígbà tó wà láyé. Ní 1868 ó ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 30, 100 pọ́n-ùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ tó sì fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ni òun ti jáde. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Whitworth ṣì wà, ẹgbẹ́ Institution of Mechanical Engineers ló ń bójú tó o, àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó wọ yunifásítì ló sì wà fún. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní Salford, ní Manchester tàbí níbikíbi ní Britain, ẹ má jẹ́ kí ó tijú pé ọwọ́ òun dọ̀tí. Ẹ ní kí ó kọ̀wé sí wọn, kí ó béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, kí ó sì gbé orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.